Ọmọ-Ogun Inú Ọ̀pọ̀lọ́

Kí Oyèwọlé tó ká nẹ́ẹ̀tì orí àgbá náà ni òórùn ti sọ fún un pé èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti kú. Ó fi igi yí i padà nínú omi. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ibi tí ó ti gé ṣóńṣó ọmọ-ìka kan kí ó lè máa dá a mọ̀, ti jẹrà dé itan. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ kékeré tí ó gé tiwọn lọ́jọ́ kan náà ń fò kiri nínú àgbá kejì, ojú ọgbẹ́ wọn ti jinná, àfi bí ẹni pé abẹ kò kàn wọ́n rí.

Bí ó ti máa ń rí nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń sin ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi sọ ọ́ lórúkọ. Níwájú rẹ̀, wọn a pè é ní Tíṣà Ọlọ́pọlọ, ẹni tí orí rẹ̀ pé. Bí ó bá ti kọjá tán, ohùn a yí padà, a di Tíṣà Ọlọ́pọ̀lọ́. Ó ń gbọ́ méjèèjì, èkejì ló sì dùn mọ́ ọn jù. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láti ìgbà yẹn: kí ló dé tí ọgbẹ́ tí kò tó nǹkan fi ń pa ọ̀pọ̀lọ́ tó ti darúgbó, tí ọmọdé inú wọn a sì fi irú rẹ̀ ṣeré?

Ó ń wá ṣọ́bìrì tí yóò fi bo òkú náà mọ́lẹ̀ nígbà tí Àwáwù yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Obìnrin náà kò wé gèlè, sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì bára mu. Òun ni ìyá Sàdíátù, ọ̀dọ́ olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàyọ́lọ́jì lábẹ́ Oyèwọlé.

"Bàbá Tíṣà, wọ́n ti mú un lọ o," ó ní. "Lánàá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán ni. Mọ́tò tí wọ́n gbé wá kò ní nọ́ńbà. Ilé ẹ̀bá réluwé yẹn ni wọ́n gbé e lọ."

Kò sí ẹni tí kò mọ ilé náà ní Ẹdẹ. Ilé olókè kan ni, tí ẹnìkan kọ́ tí kò gbé inú rẹ̀ pẹ́, tí àwọn ológun sì gbà láti ọdún tó kọjá. Kò ní bọ́ọ̀dù lára. Àwọn tó ń kọjá níbẹ̀ kì í wò ó.

"Kí ni wọ́n ló ṣe?" Oyèwọlé béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Wọ́n ní ó bú ìjọba. Sàdíátù tèmi! Ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Oyèwọlé mọ ẹni náà. Òun ló kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ pe àwọn òbí wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ wọn. Oyèwọlé ló yẹ kó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n eyín iwájú rẹ̀ méjì ti jábọ́, oníṣègùn eyín ní Òṣogbo sì ti ní kí ó máa lọ sílé ná, pé ohun èlò kò wọlé láti òkè òkun mọ́. Ojú ń tì í láti máa tutọ́ sára àwọn òbí. Ó gbé iṣẹ́ náà lé Sàdíátù lọ́wọ́, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ láti fọ́ọ̀mù kìn-ín-ní, tí ó lọ sí yunifásítì, tí ó sì padà wá, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ báńkì l'Ékòó. "Yorùbá ni kí o fi sọ ọ́," ni ó wí fún un, "kí ìyá rẹ náà lè gbọ́."

Wọ́n jọ jókòó, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí ń bá àrùn jà, kí ni à bá pè é? Sàdíátù ní kí àwọn pè é ní olùṣọ́. Oyèwọlé ní rárá, olùṣọ́ a máa sùn. Ọmọ-ogun ni, ọmọ-ogun ara. Kókó kékeré ẹ̀yìn etí ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́, èyí tó dàbí hóró ìrẹsì, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti ń kọ́ṣẹ́ ìjà, tí ó máa ń súnkì bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ti ń darúgbó? Oyèwọlé fi eyín tó kù fún un rẹ́rìn-ín. "Bárékè," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó tún un pè.

Ní Sátidé, ọmọbìnrin náà dúró, ohùn rẹ̀ já geere. Ó ní bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ti darúgbó, bárékè a máa dòfo. Àwọn ọmọ-ogun tó bá kù kì í dá ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ sí onílé mọ́. Oúnjẹ onílé ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í sì í ṣe é lóore kankan. Nígbà mìíràn, onílé gan-an ni wọ́n ń dojú ìjà kọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan pòṣé, ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín bá gba gbogbo ilé. Àwọn òbí wọ̀nyẹn ti ń tò fún mílíìkì àti ọṣẹ bí ọmọ ilé ìwé láti ọdún tó kọjá, sójà ló sì ń fi kòbókò kọ́ wọn bí a ti ń tò. Tíṣà tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ju èyí tó kù lọ. Sàdíátù gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pọ̀lọ́ ni mò ń sọ o!" Ńṣe ló da epo síná. Bùràímọ̀ télọ̀, tó jókòó níwájú, dìde, ó gbé fìlà sókè, ó pariwo pé, "Kí wọ́n padà sí bárékè wọn!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Oyèwọlé náà pàtẹ́wọ́. Ó ń fi ọwọ́ kan bo ẹnu nítorí eyín rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín ọjọ́ náà ló di èyí. Ẹnìkan nínú àwọn tó bá wọn pàtẹ́wọ́ ló lọ ròyìn fún àwọn ológun.

"Ẹ nu ojú yín," ó sọ fún Àwáwù. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Màá bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó gbàgbé òkú ọ̀pọ̀lọ́ sórí koríko. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, nítorí kò lè gùn ún kí ìyá ọlọ́mọ sì máa fẹsẹ̀ rìn. Kò tilẹ̀ fẹ́ gùn ún tẹ́lẹ̀. Pẹ́dà rẹ̀ ló ha á lójúgun ní àsìkò Ọdún Àjíǹde, egbò náà kò sì tíì san títí di òní, bí ó ti ń fi oògùn egbò tí à ń pè ní gẹ̀ǹṣọ̀n wẹ̀ ẹ́ tó. Ó ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

Wọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí àwọn obìnrin ti tò sí láti ìdájí. Kò sí ẹni tó kí wọn. Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn nìyẹn. Ó ń tún ohun tí yóò sọ sọ nínú ara rẹ̀: *Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ tí mo rán ọmọ náà ló jẹ́. Ẹ dá a sílẹ̀.* Kò le. Ọ̀rọ̀ tí kò gùn ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ni àwọn baba sọ, bẹ́ẹ̀ orí ọmọ yìí ti wọ́ láti àná. Inú rẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ bí wọ́n ti ń sún mọ́ ojú irin. Ó ti pẹ́ tí ó ti ṣe ohun tó tọ́, tí ẹ̀rù sì wà níbẹ̀.

Sójà ẹnu géètì ní kí Àwáwù lọ dúró lábẹ́ igi odán ní òdìkejì ọ̀nà. Ó bi Oyèwọlé ní ohun tó bá wá. Oyèwọlé ní òun wá sọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin tíṣà tí wọ́n mú. Wọ́n jẹ́ kí ó wọlé, wọ́n ní kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀ọ̀dẹ̀ títí ọ̀gá yóò fi pè é.

Ẹnìkan ti wà nílẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ náà, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Oyèwọlé kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, òórùn kan náà tó kí i káàárọ̀ lórí àgbá. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti wú, ó ti là, eṣinṣin sì ń bà lé e, kò sì lé wọn. Nígbà tí ó gbójú sókè ni Oyèwọlé rí i pé Bùràímọ̀ ni. Wọ́n jọ lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Ọ̀ṣun ní kékeré. Bùràímọ̀ ló rán kóòtù tí Oyèwọlé fi gbéyàwó.

"Oyè," Bùràímọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ètè rẹ̀ kò pàdé. "Kí lo wá ṣe níbí?"

"Nítorí ọmọ Àwáwù ni mo ṣe wá."

Bùràímọ̀ wo egbò tí Oyèwọlé fi báńdéèjì dì lójúgun, ó mi orí. "Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn ọ́. Ara wa ò gbà á mọ́."

Ohun tó burú nínú ìmọ̀ ni pé kì í sinmi. Oyèwọlé wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ojú ọgbẹ́ náà kò pọ́n. Ó ti ń dúdú létí. Ó mọ ohun tó kàn. Ó ti rí i lọ́dọọdún, nínú omi, lára ẹ̀dá tí kò lè sọ pé ó ń dun òun. Kò sí oníṣègùn kankan tí yóò wẹ ẹsẹ̀ yìí, bí ó bá sì wà, oògùn dà? Ojúgun tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó o.

Wọ́n pè é wọlé.

Ọ̀gá náà kò wọ aṣọ ológun. Ọmọ Yorùbá ni, ó tó ẹgbẹ́ àwọn tí Oyèwọlé kọ́kọ́ kọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́ náà, ó sì dìde fún un nígbà tó wọlé. "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jókòó." Ó ní kí wọ́n gbé tíì wá. Mílíìkì wà nínú rẹ̀, ó pọ̀, ó ki. Oyèwọlé kò rántí ìgbà tó fi mílíìkì kan ẹnu gbẹ̀yìn.

"A ò bá yín jà," ni ọkùnrin náà wí. "Èmi náà ka bàyọ́lọ́jì díẹ̀. Ìwé òyìnbó tí mo kà, sẹ́ẹ̀lì funfun ló pè é. Kò pè é ní ọmọ-ogun. Kò sí bárékè níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹnìkan jókòó, ó rò ó, ó sì sọ sẹ́ẹ̀lì di ọmọ-ogun. Ẹni náà nìkan ni mo ń wá."

Èyí gan-an ni ìbéèrè tí Oyèwọlé ti dá lóhùn bí ó ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ó la ẹnu. Atẹ́gùn nìkan ló gba àlàfo eyín rẹ̀ jáde.

"Bàbá?"

"Èmi kọ́ ni mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, sà," Oyèwọlé ní. Òótọ́ sì ni.

"A mọ̀. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà ni mo béèrè."

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó wí i kò gba ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn kọjá. Oyèwọlé ń wo ìkùukùu orí tíì, èrò kan sì wọlé wá sọ́kàn rẹ̀, ó wá ní ohùn tí ó fi ń kọ́ni ní kíláàsì, ohùn tí kì í kánjú. *Ọmọdé ni Sàdíátù. Ara rẹ̀ á gbà á.* Ọgbẹ́ ọmọdé a máa jinná. Bárékè rẹ̀ ṣì kún. Ohun tí yóò pa àgbà ní ọjọ́ mélòó kan, àpá lásán ni yóò dà lára ọmọdé. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Ní gbogbo ọdún tí ó ti ń wá òtítọ́ yìí, kò rò ó rí pé ohun tí òun yóò fi ṣe nìyí.

Ó tún rò pé, ta ní mọ̀? Bóyá ọmọ náà ti dárúkọ òun. Bí ó bá ti dárúkọ òun, a jẹ́ pé olúkúlùkù ń gba orí ara rẹ̀ là.

"N kò mọ ibi tó ti rí i," ó ní. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí... Ẹnu Sàdíátù ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lọ́jọ́ Sátidé yẹn."

Ọ̀gá náà fẹ̀yìn ti àga, ó mí kanlẹ̀, ó dàbí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tó gbọ́.

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ yín bá tirẹ̀ mu."

"Báwo, sà?"

"Ohun tí òun náà ń sọ láti àná nìyẹn. Pé òun nìkan ló rò ó, pé ẹ̀yin ò tilẹ̀ mọ ohun tí òun fẹ́ sọ. A bi í títí. Kí n sọ òótọ́ fún yín, n kò gbà á gbọ́. Mo ní ọmọ yìí ń bo ẹnìkan láṣìírí ni. À bá ti dá a dúró síbí, ká máa wádìí lọ, bóyá ká tilẹ̀ ní kó máa lọ sílé." Ó dìde. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ ti yọ wá nínú iyèméjì. Àtìmọ́lé Ìbàdàn ló ń lọ nísinsìnyí."

Ìdí Oyèwọlé kúrò lórí àga. Ẹnu rẹ̀ là. Àsìkò nìyí, ọ̀rọ̀ náà kò sì gùn ju bí ó ti rí ní àárọ̀ lọ. Ọ̀gá náà dúró, ó ń wò ó, kò kánjú. Láti ọ̀ọ̀dẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ tí Bùràímọ̀ wúkọ́.

"Ẹ mu tíì yín tán, bàbá," ni ọkùnrin náà wí.

Oyèwọlé jókòó padà, ó sì mu ún tán.

Nígbà tí ó jáde, oòrùn ti mú. Land Rover kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Àwáwù ti kúrò lábẹ́ odán, sójà kan sì na ìbọn sí i láyà ní gbalaja kí ó má baà sún mọ́ wọn. Láti ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti mú Sàdíátù wá. Ó ń rìn fúnra rẹ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé ọwọ́ òsì, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ náà kan ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan wú. Ó wo ìyá rẹ̀, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà náà ni ó rí Oyèwọlé, ìbẹ̀rù sì bò ó lójú.

"Sà! Ẹ ti wọ ibẹ̀?"

"Mo ti wọ ibẹ̀."

Sàdíátù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò rí ẹ̀jẹ̀. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

"Alihamudulilai. Mo mọ̀ pé ẹ ó wá. Láti àná ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ má wá sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Mo mọ̀ yín, sà, ẹ ò lè dákẹ́." Sójà tì í lẹ́yìn, ó gun mọ́tò, ó tún bojú wẹ̀yìn. "Wọn ò jẹ́ kí ẹ sọ ọ́, àbí?"

Ìtòsí ni ó wà. Bí Oyèwọlé bá na ọwọ́, yóò kan irin mọ́tò náà. Ọ̀gá yẹn wà nínú ilé. Sójà tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́tò kò gbọ́ Yorùbá, kò sì kọbi ara sí wọn.

"Wọn ò jẹ́," Oyèwọlé ní.

Ọmọbìnrin náà mi orí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mọ́tò náà gba ojú irin kọjá, ó forí lé ọ̀nà Sekona, eruku rẹ̀ pẹ́ kí ó tó wálẹ̀.

Oyèwọlé dúró sójú kan náà. Nínú yàrá yẹn, ẹ̀rù ìyà ló bà á. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ títí ayé, ìyà náà sì wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ fún ẹni tó bá bi í. Ṣùgbọ́n níta gbangba yìí, ta ló gbé kòbókò sí i? Ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ ló bi í, ó sì tún purọ́. Ó rọrùn fún un ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Sójà náà sọ ìbọn kalẹ̀. Àwáwù kọjá wá, omijé ti gbẹ lójú rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ Oyèwọlé mú.

"Bàbá Tíṣà, ẹ ṣé. Ẹ ò sá fún ọmọ mi. Bí ẹ ti ṣe fún un yìí, Ọlọ́run á san án fún yín."

Ó gbójú sókè, ó ń dúró. Kò sí bí a ti ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà tó kúnlẹ̀ kí á má dáhùn.

"Àmín," Oyèwọlé ní.